Àwo "Paradise Theatre" ti ẹgbẹ́ Styx: àwọn ìbéèrè tó ń wá ṣáá, àti ìdáhùn wọn

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ àwo yìí, ìbéèrè kan náà ni mo sì máa ń dáhùn. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè sinmi àtúntẹ̀. Èyí tó rọrùn ló wà lókè, èyí tó gba àròjinlẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Kí ni Paradise Theatre gan-an?

Àwo orin rọ́ọ̀kì ni. Ẹgbẹ́ Styx, àwọn ará Chicago ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 1981 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù A&M. Orin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Nínú gbogbo àwo tí wọ́n ṣe, òun nìkan ló dé ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, èyí tí wọ́n fi ń to àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà.

Ìtàn ilé sinimá ńlá kan ló gbé dání, èyí tó ṣí ilẹ̀kùn ní 1928 tí wọ́n sì wó palẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ilé yẹn ni wọ́n fi ṣe òwe. Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n ń pa òwe náà fún: orílẹ̀-èdè tó ti dán gbinrin rí, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ wá ń wò ó ní ìparí àwọn ọdún 1970 pé ṣé ibi tí a ń lọ nìyí.

Àwọn wo ni Styx?

Àwọn ọmọ àdúgbò Roseland ní gúúsù Chicago ló dá a sílẹ̀. Àwọn ìbejì méjì, Chuck Panozzo tó ń ta gìtá béèsì àti John Panozzo tó ń lu ìlù, pẹ̀lú Dennis DeYoung aládùúgbò wọn, ti ń ṣeré pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé. James Young, tí gbogbo ayé ń pè ní J.Y., darapọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Tommy Shaw, ọmọ Alabama, ló dé kẹ́yìn, ní 1975. Àwọn márùn-ún yìí ló ṣe àwo tí à ń sọ.

Orúkọ náà wá láti inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríkì: Styx ni odò tí òkú ń sọdá lọ sí ọ̀run. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú awo tàbí ẹgbẹ́ òkùnkùn kankan. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti dáhùn èyí tó.

Rọ́ọ̀kì líle ni wọ́n pè é, kí ló dé tó fi dùn létí báyìí?

Oríṣi rọ́ọ̀kì kan wà tó ń lo gìtá tó ń bú ramúramù àti ìlù tó ń já lulẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ohùn orin ló jẹ́ ọba níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ gìtá kúrò, ẹ ṣì lè jókòó sídìí píánò kí ẹ kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó bá ń gbọ́ á sì mọ̀ ọ́n. Ègbè rẹ̀ máa ń tóbi, ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin á gbé e pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Styx rí.

Nínú àwo yìí, ìjà díẹ̀ wà láàárín líle àti dídùn. DeYoung fẹ́ràn píánò àti eré orí ìtàgé. J.Y. fẹ́ kí gìtá máa gbóná. Shaw wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ máa gbọ́ ìfà-fún-ìfà yẹn láti orin dé orin, mo sì rò pé òun ni kò jẹ́ kí àwo náà rọ̀ jù.

Kí ló sọ ọ́ di àwo onítàn? Ta ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀?

Kò sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé concept album ni, wọ́n wá ń retí ìtàn bíi ti fíìmù: ẹnì kan jáde nílé, ó bọ́ sínú wàhálà, ó padà dé. Ẹ má wá irú rẹ̀ níbí. Ilé ni olú ẹ̀dá ìtàn náà. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, orin ìparí tì í, àwọn tó wà láàárín sì jẹ́ ohùn àwọn ènìyàn tó ń gbé lóde ilé náà: aláìríṣẹ́, ẹni tó dá nìkan wà, ẹni tí kokéènì ti mú lẹ́rú, ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ fi wé àgbàlá. Ẹ ò bi àgbàlá pé ta ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ kàn tẹ́tí sí yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ilé sinimá náà wà lóòótọ́?

Ó wà. Ìwọ̀-oòrùn Chicago ló wà, ní àdúgbò West Garfield Park, lójú ọ̀nà Crawford tí wọ́n ń pè ní Pulaski lónìí. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹsàn-án 1928. John Eberson ló ya àwòrán ilé náà, ọkùnrin tó gbajúmọ̀ fún ilé sinimá tí òrùlé rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run òru. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ tó gbójú sókè á rí ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú, ère á yí i ká, bí ẹni pé ó wà ní gbangba nínú ọgbà ọba. Ìjókòó inú rẹ̀ lé ní 3,600. Ilé-iṣẹ́ Balaban and Katz ló ni ín.

Wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Fíìmù tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún, àfi bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn gan-an. Òrùlé rogodo tó ń gbé ìràwọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ rú: ohùn á lọ lu òkè, á padà wá kọlu ohùn mìíràn. Ohun tó sọ ilé náà di arẹwà ló bà á jẹ́ létí. Ọdún kejì tó ṣí, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tún wá dé, àwọn ènìyàn jókòó sílé.

Wọ́n tì í pa ní 1956. Àwọn tó gba iṣẹ́ wíwó rẹ̀ rò pé oṣù mẹ́fà ló máa gbà wọ́n. Ọdún méjì ló gbà. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló dé tí orin ìparí fi ń jẹ́ "A.D. 1958" nígbà tó jẹ́ pé 1956 ni wọ́n tì í, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn: ilé náà kò fẹ́ wó.

Mo lọ sí Paradise tó wà ní Bronx, New York. Ṣé òun ni?

Òun kọ́. Eberson kan náà ló kọ́ ọ, ní 1929, bí wọ́n sì ṣe jọ ra kò ṣe é sẹ́. Àmọ́ ti Bronx ṣì dúró. Ti Chicago ni Styx ń dárò.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo lè gbọ́ àwọn tó gbajúmọ̀ nìkan?

Ẹ lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò sófin. "The Best of Times" dé ipò kẹta ní Amẹ́ríkà, "Too Much Time on My Hands" dé ipò kẹsàn-án, orin méjèèjì sì dùn láyè ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ àwo náà.

Ẹ wá ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ tẹ orin kìíní, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ tó ń da orin lú lórí fóònù yín, torí orin ìṣẹ́jú kan tó wà níwájú kò nítumọ̀ bó bá bọ́ sáàárín. Ẹni tó bá ti bá rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú ayé ọjọ́un dàgbà, ti Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé, ti ní irú sùúrù yìí: ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù lè gbé orin márùn-ún tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, kò sì sẹ́ni tó ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Ẹ lo íápíìsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Mò ń fi ìrírí sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ àwo yìí, tòsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú tèmi, mo sì ń rojọ́ fún gbogbo ayé pé gìtá rẹ̀ kò pọ̀. Ìdajì gìtá ni mi ò gbọ́.

Gẹ̀ẹ́sì wọn kò yé mi tó. Ṣé mo ṣì lè gbádùn rẹ̀?

Ẹ máa gbádùn ohùn rẹ̀ dáadáa. Tó bá di ti ọ̀rọ̀, kò le: Gẹ̀ẹ́sì ojú pópó ni wọ́n lò. Orin mẹ́ta péré ni mo máa ń ní kí ènìyàn ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ: ti ìbẹ̀rẹ̀, "The Best of Times", àti "A.D. 1958". Ìdí rẹ̀ ló kàn yìí.

Ó jọ pé mo gbọ́ ohùn orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé etí mi ló ń tàn mí?

Etí yín dá ṣáká. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú àwo náà lẹ gbọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ "A.D. 1928". Píánò àti ohùn DeYoung ni, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin kan ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà. Ó ń ṣèlérí pé alẹ́ òní la ó ṣe ohun tí ayé kò ní gbàgbé. Ohùn náà rọra ń gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà tuntun. Kó tó parí, ìlù já wọlé, "Rockin' the Paradise" ti gbà á lọ.

Orin mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa dé "The Best of Times". Ohùn orin kan náà ni, ìlérí ọjọ́ kìíní yẹn ló tún fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe: gbólóhùn kejì ni DeYoung ti yí ìlérí náà sí yẹ̀yẹ́, ó ní yóò ṣẹ bí ohun tí gbogbo wa mọ̀ pé kò lè ṣẹ láé ṣe ń ṣẹ. Ayé ti yí. Ìwé ìròyìn ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú, ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ àti olólùfẹ́ rẹ̀, ó ní inú yàrá yìí nìkan ni ìgbà dídára kù sí. Ọ̀pọ̀ ń fi orin yìí ṣe ìgbéyàwó. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n orin ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni "A.D. 1958". Píánò àti ohùn tún kù lórí ìtàgé, bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dágbére. Ó ní àsìkò ti gba tirẹ̀, ohun tó kù fún wa ni ká má gbàgbé. Ohùn tó fi ṣí ilẹ̀kùn ló fi tì í. Bí ẹ bá gbọ́ àwọn mẹ́ta yìí léra wọn láìgbọ́ ohun tó wà láàárín, wọ́n á jọra jù. Nínú àwo náà, ẹ ti la orin tó kún fún ìyà kọjá kó tó dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn kan náà á wá wúwo létí yín. DeYoung kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀yin lẹ fi kún un.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni tó ń kọrin?

Ohùn mẹ́ta ló ń lé orin. Ti DeYoung ga, ó ń sọ ọ̀rọ̀ síta bí òṣèré tó fẹ́ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́. Òun ló ń lé "Rockin' the Paradise", "The Best of Times" àti "Lonely People". Ti Shaw mọ́, ó dà bí ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ti J.Y. nípọn, ó sì máa ń dún bí ẹni tí inú ń bí. Nínú ègbè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ọ̀kan, ibẹ̀ ni kò ti sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

"Snowblind", orin ẹni tí kokéènì mú lẹ́rú, ni mo máa ń fi dán àwọn ènìyàn wò. J.Y. ló ń rọra sọ ẹsẹ rẹ̀ nísàlẹ̀, Shaw ló ń bú jáde nínú ègbè. Ọkùnrin kan náà ni wọ́n ń ṣe o: ọ̀kan ni ìgbà tí oògùn ti wálẹ̀ lára rẹ̀, èkejì ni ìgbà tó gòkè.

Ọwọ́ tí wọ́n ń pa nínú "Too Much Time on My Hands" ńkọ́?

Ìpàtẹ́wọ́ méjì, pá-pá, lẹ́yìn tí ègbè bá ti pe àkọlé orin. Kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ kó má pa á. Kíbọọ̀dù ló ṣíwájú orin náà, ó ń yí lójú kan bíi fáànù, ìyẹn sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu: ọkùnrin kan jókòó sílé ọtí, kò níṣẹ́, àkókò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lò lọ. Shaw ló kọ ọ́. Ìlú kékeré kan ní Michigan ló ń gbé nígbà náà, ó sì ń rí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nílé ọtí àdúgbò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń kọrin, àwa sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbọ́ orin yìí tó ọdún mélòó kan kí n tó kíyè sí i.

Kí ló gbé règé wọ inú rọ́ọ̀kì?

"Nothing Ever Goes as Planned" lẹ ń sọ. Ìlù ẹsẹ rẹ̀ súnmọ́ règé lóòótọ́, àwọn afunfèrè sì wọlé pẹ̀lú. Àkọlé rẹ̀ ń sọ pé nǹkan kì í lọ bí a ṣe ṣètò rẹ̀, orin náà fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó máa yà sí. Àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì líle kò fẹ́ràn rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀.

Orin wo ló yẹ kí wọ́n yọ?

"She Cares". Orin ìfẹ́ tó dára ni, Shaw ló kọ ọ́, ẹ máa gbọ́ sasofóònù níbẹ̀. Kàn jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun wà nínú àwo yìí. Ó jókòó sáàárín "Lonely People" àti "Snowblind" bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Àwọn kan ní ìsinmi ni fún olùgbọ́. Mo gbọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ Sàtánì wà nínú "Snowblind" béèyàn bá yí i sẹ́yìn?

Rárá. Yìnyín inú àkọlé yẹn ni kokéènì, ìfọ́jú rẹ̀ sì ni ohun tó ń ṣe fún ẹni tó ń fà á. Orin ìkìlọ̀ ni látòkè délẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ẹlẹ́sìn kan ní Amẹ́ríkà ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù rọ́ọ̀kì sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ àdúrà sí Sàtánì. Ní 1983, wọ́n gbé àbá òfin kan dìde ní ìpínlẹ̀ Arkansas pé kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ irú rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dárúkọ Styx mọ́ àwọn ẹgbẹ́ bíi Beatles àti Queen. Gómìnà ìgbà náà, Bill Clinton, dá a padà, kò sì di òfin.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, kódà ti ìyá yín lórí WhatsApp, kí ẹ fi síwájú ẹni tí ẹ ò sọ nǹkan kan fún. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wá kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ fún un, kí ẹ ní ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, kó tún gbọ́ ọ. Á gbọ́ ọ ketekete. Etí máa ń bá ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú lọ.

Kí ni wọ́n fín sórí rẹ́kọ́ọ̀dù náà?

Bó bá jẹ́ èyí tó jáde ní 1981 lẹ ní, ẹ di ojú kejì rẹ̀ mú sábẹ́ iná kí ẹ rọra yí i. Orúkọ ẹgbẹ́ náà àti ọnà kan á yọ lórí dúdú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ òṣùmàrè. Iná lésà ni wọ́n fi fín in, kò sì dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ tún wo páálí rẹ̀. Iwájú ni ilé náà lọ́jọ́ tó ṣí: iná, èrò, aṣọ ńlá. Ẹ̀yìn ni ilé kan náà nígbà tó ti di ahoro. Chris Hopkins ló yà á. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lórí fóònù rí iwájú nìkan, ó sì pàdánù ìdajì ìtàn.

Kí ló dé tí àwo tó wúwo báyìí fi parí pẹ̀lú píánò ilé ọtí?

"State Street Sadie" ni, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú, kò sì lọ́rọ̀. Píánò kan tó dún bí èyí tó ti gbó, ó ń jó kékeré, ó sì lọ. Wọ́n ti dágbére, èrò ti jáde, ẹnì kan ṣì wà nínú ilé náà tó ń tẹ píánò. Ta ni? Àwo náà kò sọ. Àwọn kan ní àwàdà ni. Létí tèmi, iwin ilé náà ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, "A.D. 1958" ì bá jẹ́ ìwàásù.

Tíátà kò sí nínú orin àárín. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn lẹ ìtàn mọ́ àkójọ orin lásán?

Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá gbé "Too Much Time" tàbí "She Cares" sínú àwo mìíràn, kò sí ohun tó máa yẹ̀. J.Y. àti Shaw mú orin tiwọn wá, DeYoung ló sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ojú kìíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, ó sì ń rọra wọ́lẹ̀: ìṣíde, àjọ̀dún, àìríṣẹ́, ìjákulẹ̀, títilẹ̀kùn mọ́ra. Ojú kejì ṣí sórí àwọn tó dá wà, ó bọ́ sínú oògùn olóró, ó sì já sí "Half-Penny, Two-Penny", níbi tí J.Y. ti ń fi gìtá tó gbóná jù nínú àwo náà bínú sí ìṣẹ́ àti ìyà ojú pópó. Ìgbà yẹn ni píánò dágbére wá dé. Bí ẹ bá yí ètò yìí padà, ìtàn náà kú. Fún èmi, ètò tó. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó dè pinpin, ẹgbẹ́ yìí ṣe ìyẹn náà, ẹ wo ohun tó dà.

Kí ló dà, nígbà náà?

Ní 1983 wọ́n ṣe "Kilroy Was Here": ìtàn ọjọ́ iwájú níbi tí ìjọba ti fòfin de rọ́ọ̀kì, ẹ̀dá ìtàn ní orúkọ, aṣọ àti ọ̀rọ̀ sísọ lórí ìtàgé. Ó jẹ́ èsì fún àwọn tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù sẹ́yìn. Ó tà, "Mr. Roboto" dé ipò kẹta, àmọ́ ṣíṣe bí òṣèré kò bá Shaw àti J.Y. lára mu. Ọdún tó tẹ̀lé e, Shaw ti ń ṣe àwo tirẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì fọ́n ká. Wọ́n tún padà pọ̀ lẹ́yìn náà. John Panozzo kú ní 1996. Láti 1999 ni DeYoung kò ti sí nínú Styx mọ́.

Irúgbìn ìjà náà wà nínú "Paradise Theatre". Àwo yìí ni ìgbà ìkẹyìn tí ìfà-fún-ìfà wọn so èso.

Párádísè ta ni wọ́n ń dárò gan-an?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé ní Chicago ló kọ́kọ́ bi mí, ẹnu mi sì wọhò.

Ní 1928, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń gbé West Garfield Park. Lẹ́yìn tí ilé náà wó, láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn aláwọ̀ dúdú ló wá kún àdúgbò náà, àwọn aláwọ̀ funfun sì ń kó jáde lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1968, nígbà tí wọ́n pa Martin Luther King, iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà Madison, tí kò jìnnà sí ibi tí ilé sinimá náà wà. Ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, owó sá. Àwo náà dúró sí 1958. Kò sọ nǹkan kan nípa èyí.

Àwọn kan á ní orin ni, kì í ṣe ìwé ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwo tó bá ní ilé kan dúró fún gbogbo Amẹ́ríkà ti pè wá ká bi í pé gbogbo ta ni. Àwọn ọmọ Roseland ló kọ ọ́, àdúgbò tiwọn náà sì yí ọwọ́ padà lọ́nà kan náà lójú ayé wọn. Mo rò pé ìdárò yẹn wà nínú ohùn DeYoung, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Nísinsìnyí, tí mo bá dé "A.D. 1958", mo máa ń ro ti àwọn tó kó dé àdúgbò náà lẹ́yìn tí wọ́n ti wó ilé ìràwọ̀ tán, tó jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá. Lẹ́yìn náà ni píánò ìdajì ìṣẹ́jú yẹn á bẹ̀rẹ̀.